HD, Full HD, àbí 4K: Kí Gan-an La Fẹ́ Fi Owó Wa Rà?

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn ni mo gbé wá lónìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé fúláàtì níta ọgbà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé owó tẹlifíṣàn wà lára owó tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. A ó dáwó jọ, ẹnì kan á ní 4K ni ká rà, ẹlòmíràn á ní HD ti tó, ẹnì kẹta á ní ohun tí ẹni tó ń tajà bá sọ ni ká gbà. Àwọn mìíràn nínú wa sì ni òbí máa ń pè lórí fóònù: "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, bá wa wo èyí tó dára, kí wọ́n má baà ta ayédèrú fún wa." Wọn kì í bi wá bóyá Yorùbá là ń kà tàbí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú wa ló ń fi owó ra nọ́ńbà tí ojú wa kò lè rí, tí díkódà wa kò lè gbé jáde, tí dátà wa kò sì lè bọ́. Nọ́ńbà tó tóbi jù kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: báwo ni tẹlifíṣàn náà ṣe tóbi tó, báwo la ó ṣe jìnnà sí i tó nígbà tí a bá ń wò ó, kí sì ni a ó máa fi wò. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kó tó wọ ọjà, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.

Kí ni àwọn nọ́ńbà náà ń sọ?

Ẹ rántí adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba wa. Ojú ènìyàn tó wà lára adé náà, àti ẹyẹ tó bà lé orí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tóbi tí kò sì pọ̀, etí àti imú ojú náà á rí gbágungbàgun. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá kéré tó sì pọ̀, gbogbo rẹ̀ á hàn ketekete. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán orí tẹlifíṣàn ṣe rí. Ẹyọ iná tín-ín-tìn-ín tí wọ́n ń pè ní píkísẹ̀lì ni ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀. Iye píkísẹ̀lì tó wà lójú tẹlifíṣàn ni HD, Full HD àti 4K ń sọ. Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n.

SD, ìyẹn àwòrán àtijọ́ tí tẹlifíṣàn elẹ́yìn ńlá máa ń gbé jáde nílẹ̀ wa, jẹ́ píkísẹ̀lì 720 ní ìbú àti ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 414,720.

HD jẹ́ 1280 ní ìbú àti ìlà 720. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 921,600. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn 32 ínǹṣì tí wọ́n kọ HD tàbí HD Ready sí lára jẹ́ 1366 ní ìbú àti ìlà 768, tó jẹ́ 1,049,088.

Full HD jẹ́ 1920 ní ìbú àti ìlà 1080. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,073,600.

4K, tí wọ́n tún ń pè ní UHD, jẹ́ 3840 ní ìbú àti ìlà 2160. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin Full HD géérégé.

8K jẹ́ 7680 ní ìbú àti ìlà 4320. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 33,177,600.

Ẹ fojú sí ọgbọ́n kan tó wà nínú àwọn orúkọ yìí. Nígbà tí wọ́n ń pè é ní 720 àti 1080, ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ìgbà tó di 4K, wọ́n yí i padà, ìbú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n sì sún 3840 sókè díẹ̀ kó lè di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹni tó bá gbọ́ "1080" lánàá tó wá gbọ́ "4 ẹgbẹ̀rún" lónìí á rò pé ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po méjì ni ìlà náà, láti 1080 sí 2160. Ó dà bí ìgbà tí ìyá oníṣòwò bá ń fi kóńgò wọn gàrí fún wa lánàá, tó wá fi agolo wọ̀n ọ́n lónìí, tó ní iye náà ti pọ̀ sí i. Gàrí náà lè pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bí iye agolo ṣe ń pariwo.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà p àti i náà tún wà níbẹ̀. 1080p túmọ̀ sí pé gbogbo ìlà ló ń jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 1080i túmọ̀ sí pé ìdajì ìdajì ni ìlà ń jáde: ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ jáde, ìlà kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà á wá tẹ̀ lé e. Bí a bá ń wo ìròyìn, ojú wa kì í mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn àgbábọ́ọ̀lù ń sáré kiri, 720p tó ń gbé odindi àwòrán jáde lẹ́ẹ̀kan lè dán mọ́ran ju 1080i lọ. Ìdí nìyẹn tí ABC àti ESPN ní Amẹ́ríkà fi yan 720p nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ HD. Àwọn tó ń fi eré ìdárayá jẹun gan-an yan nọ́ńbà tó kéré, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ojú wa náà ní ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí adé ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ó máa rí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rìn sẹ́yìn díẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á pòórá, ojú ènìyàn la ó rí. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti pòórá yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí a bá ti kọjá ibẹ̀, tí wọ́n bá tún fi ìlẹ̀kẹ̀ tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣe adé náà, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú wa lè rí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn oníṣègùn ojú máa ń fi ohun kan díwọ̀n ojú tó dá ṣáká: ó lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá tó ìdá kan nínú 60 dígírì kan. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí ṣe ìṣirò, ohun tó ń jáde rèé. Tẹlifíṣàn 32 ínǹṣì tó jẹ́ HD lásán, bí a bá ti jìnnà sí i tó mítà 1.8, ojú kò lè ya píkísẹ̀lì rẹ̀ sọ́tọ̀ mọ́. 43 ínǹṣì tó jẹ́ Full HD, mítà 1.7 ni. 55 ínǹṣì tó jẹ́ Full HD, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2.2. Tí 55 ínǹṣì náà bá jẹ́ 4K, mítà 1.1 péré ni.

Ẹ wá gbé e lé yàrá wa. Nínú self-contain tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ibùsùn wà lára ògiri kan, tẹlifíṣàn wà lára ògiri kejì. Àlàfo tó wà láàárín ojú ẹni tó jókòó sórí ibùsùn àti tẹlifíṣàn kì í sábà ju mítà 2 sí 2.5 lọ. Tó bá jẹ́ 32 ínǹṣì la fẹ́ gbé síbẹ̀, HD lásán ti kún ojú wa. Tó bá jẹ́ 43 ínǹṣì, Full HD ti tó, àní ó ti lé. Ẹni tó bá ra 43 ínǹṣì 4K tó sì jókòó ní mítà 2, ó ti san owó píkísẹ̀lì mílíọ̀nù mẹ́fà tí ojú rẹ̀ kò ní rí láéláé, àfi tó bá fẹ́ lọ fi imú kan án. Ìgbà tí tẹlifíṣàn bá tó 55 ínǹṣì ní irú yàrá kékeré bẹ́ẹ̀ ni 4K tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà ni. Ní pálọ̀ ńlá àwọn òbí wa, níbi tí àga ti jìnnà tó mítà 3 sí 4, 55 ínǹṣì 4K àti 55 ínǹṣì Full HD lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ojú má mọ èyí tó yàtọ̀ nípa iye píkísẹ̀lì.

Ohun tó máa ń ṣi wá lọ́nà ni bí a ṣe ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. A ó dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, a ó máa wo òdòdó, ẹyẹ ayékòótọ́ àti omi òkun tí iléeṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣàn náà dìídì yà láti fi dán wa lójú. Kò sí ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn báyẹn nílé.

Kí ló ń wọ inú tẹlifíṣàn náà?

Èyí ni ibi tí mo rò pé owó wa ti ń ṣòfò jù. Tẹlifíṣàn kì í dá àwòrán sílẹ̀, èyí tí wọ́n bá fún un ló ń gbé jáde. Tí àmù bá jẹ́ ti gálọ́ọ̀nù ogún, tí omi inú rẹ̀ sì jẹ́ ife kan, ife kan náà la ó bu mu.

Ẹ wo fíìmù Yorùbá ayé VCD tí púpọ̀ nínú wa fi dàgbà, tí àwọn òbí wa ṣì kó jọ sílé di òní. VCD ní irú ètò PAL tí à ń lò nílẹ̀ wa jẹ́ píkísẹ̀lì 352 ní ìbú àti ìlà 288. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 101,376. Bí a bá gbé e sórí tẹlifíṣàn 4K, ẹyọ píkísẹ̀lì kan látinú VCD náà gbọ́dọ̀ kún àyè bíi 80 lójú tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú inú wo ohun tó yẹ kó wà láwọn àyè tó ṣófo. Ó máa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n àbá lásán ni. Ẹni tó bá ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ńlá mọ̀ pé ojú àwọn òṣèré máa ń dà bí ohun tí wọ́n fi ẹ̀kọ tútù yà. Lórí tẹlifíṣàn kékeré, ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìkànnì tí à ń fi áńténà gbà lọ́nà àtijọ́, SD ni. Ètò ìyípadà sí ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹrin 2016 ṣì ń fà nílẹ̀. GOtv, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó fún torí pé kò gunni lápá, SD ni púpọ̀ nínú ìkànnì rẹ̀. DStv ní díkódà HD àti ìkànnì HD, ìyẹn sì dára fún bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn yín. Tó bá jẹ́ wáyà olórí mẹ́ta nì, pupa, funfun àti àwọ̀ ìyeyè, lẹ fi so díkódà mọ́ ọn, SD lẹ̀ ń wò, bó ti wù kí díkódà àti tẹlifíṣàn náà gbówó lórí tó. Wáyà yẹn kò lè gbé HD. Wáyà HDMI ló ń gbé e. Mo ti rí i nílé tó ju méjì lọ: tẹlifíṣàn 4K, díkódà HD, owó oṣù tó ga, wáyà olórí mẹ́ta. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Kí ẹ tó pààrọ̀ tẹlifíṣàn, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà.

Ó wá ku íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí 4K wà ní tòótọ́. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan HD lè jẹ tó 3GB, wákàtí kan 4K sì lè jẹ tó 7GB. Fíìmù oníwákàtí méjì kan ní 4K lè gbé 14GB lọ. Àwa tí à ń ra dátà ìdajì òru ká lè rí iṣẹ́ àṣetiléwá fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè tani yóò san án. Wọ́n tún ní íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yára tó Mbps 15 kí 4K tó lè jáde láìdúró, nígbà tí Mbps 5 tó fún Full HD. Kò tán síbẹ̀ o. Orí ètò ìsanwó tó wọ́n jù nìkan ni wọ́n ti ń gbé 4K jáde. Ẹni tó bá wà lórí ètò Basic, 720p ló ń wò, ì báà jẹ́ 8K ni tẹlifíṣàn rẹ̀. YouTube ní tirẹ̀ máa ń wo bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣe lágbára tó. Tí kò bá lágbára, yóò dín àwòrán náà kù láìbi ẹnikẹ́ni.

Àmì ohùn lójú tẹlifíṣàn

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ìdí kan tó jẹ́ tiwa láti fiyè sí iye ìlà yìí. Yorùbá ti wà lórí tẹlifíṣàn tipẹ́, láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Etí la fi ń gbọ́ ọ jù. Ìgbà tó bá kan kíkọ sójú tẹlifíṣàn, ì báà jẹ́ àkọlé fíìmù, orúkọ òṣèré tàbí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ á di àwátì. Àwáwí kan tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe fíìmù ni pé àmì kì í hàn lójú tẹlifíṣàn, ó kàn ń ba ojú àwòrán jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní lẹ́tà ìsàlẹ̀ àwòrán ga tó ìdá kan nínú 20 gíga àwòrán náà, ká sì ní àmì ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ "ọ" tàbí "ṣ" jẹ́ ìdá kan nínú 8 gíga lẹ́tà. Lórí VCD onílà 288, lẹ́tà náà á gba ìlà 14, àmì ìsàlẹ̀ kò sì ní tó ìlà 2. Irú ohun tíntín bẹ́ẹ̀ á lọ sínú ariwo àwòrán. Lórí SD onílà 576, àmì náà á gba ìlà mẹ́ta àti díẹ̀, ó lè hàn, ó lè má hàn. Lórí 720p, ó gba ìlà mẹ́rin àti ààbọ̀. Lórí 1080p, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlà méje, kò sì sí ojú tó dá ṣáká tí kò ní rí i láti orí ibùsùn.

Ohun tí ìṣirò yìí sọ fún mi ni pé àwáwí náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú láyé VCD. Lónìí, irọ́ ni. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa ń ya àwòrán 1080p. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án 2022 kò gba orí VCD kọjá rárá. Tẹlifíṣàn HD tó kéré jù lọ́jà lè gbé "ọkọ", "ọkọ́", "ọkọ̀" àti "ọ̀kọ̀" jáde kí a mọ èyí tó jẹ́ olówó orí obìnrin, èyí tí a fi ń ro oko, èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó àti èyí tí jagunjagun ń jù. Tí a bá yọ àmì gbogbo rẹ̀ kúrò, "oko" ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston tó ń fi fíìmù kọ́ èdè baba rẹ̀, kí ló fẹ́ rí kọ́ nínú ìyẹn? Ẹni tí kò gbọ́ràn tó ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ńkọ́? A kò nílò 4K kí ìyẹn tó yanjú. HD ti tó. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà ló kù.

"Ṣùgbọ́n 4K ni ọjọ́ ọ̀la"

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ báyìí, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tẹlifíṣàn kì í ṣe bàtà tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí a kò lè lò lónìí, a lè lò ó lọ́dún márùn-ún sí i. Ó sì jẹ́ òótọ́ pé láti 50 ínǹṣì sókè, 4K ló kún ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ 55 ínǹṣì kò nídìí láti máa wá Full HD kiri. Kó ra 4K rẹ̀, kó má fòyà.

Ohun tí mo ń bá jà ni kí a fi nọ́ńbà náà ṣáájú ohun gbogbo. Tẹlifíṣàn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n lẹ 4K mọ́ lára lè ní dúdú tó dà bí eérú, kí ojú àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú má hàn nínú ìran tí wọ́n yà lálẹ́. Èyí kò kéré fún àwa tó jẹ́ pé fíìmù tiwa là ń wò jù. Bí dúdú ṣe dúdú tó, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tàn tó, bí àwọ̀ ṣe dúró tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ojú máa ń tètè rí àwọn wọ̀nyí ju iye píkísẹ̀lì lọ. Full HD tòkunbọ̀ láti iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ lè dára ju 4K tuntun tí a kò mọ ìyá tó bí i.

Ní ti 8K, mo rọ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀. Iléeṣẹ́ NHK ní Japan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkànnì 8K jáde láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2018, síbẹ̀ ayé kò tíì tẹ̀ lé wọn. Iná tó ń jẹ pọ̀ débi pé òfin Yúróòpù lórí ìlò iná fún tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú un láti oṣù Kẹta 2023. Àwa tí à ń fi jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì ínfátà wo tẹlifíṣàn, kí la fẹ́ fi ṣe?

Bí a bá délé ọjà

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ fi okùn tàbí téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín ibi tí ẹ ó jókòó sí àti ibi tí tẹlifíṣàn yóò wà, kí ẹ tó jáde nílé. 32 ínǹṣì ní mítà 2: HD tó. 40 sí 43 ínǹṣì ní mítà 2: Full HD. 55 ínǹṣì sókè: 4K, pàápàá bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá dúró ire.

Ìkejì, ẹ má gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú gbọ́. "4K supported" lè túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà lè ka fáìlì 4K, kó wá sún un kì títí yóò fi wọ inú ojú 1366. Ẹ wo ìwé pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn náà, ẹ da nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ, ẹ lọ wò ó lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é. Iye píkísẹ̀lì ni kí ẹ wá níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ oyè.

Ìkẹta, ẹ mú fílásì tiyín dání. Ẹ fi fíìmù tí ẹ mọ̀ dáadáa sínú rẹ̀, kó jẹ́ èyí tó ní ìran alẹ́. Ẹ tún kọ gbólóhùn Yorùbá kan tó kún fún àmì, ní lẹ́tà tó kéré bíi ti ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ sọ ọ́ di fọ́tò. Ẹ gbé e sójú tẹlifíṣàn, kí ẹ rìn sẹ́yìn títí dé ìwọ̀n tí ẹ wọ̀n nílé. Tí ẹ bá lè ka àmì rẹ̀ láìfún ojú pọ̀, tẹlifíṣàn náà tó yín. Bí ẹni tó ń tajà bá kọ̀ pé ẹ kò lè ki fílásì bọ̀ ọ́, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun tí ẹ ń fi tẹlifíṣàn ránṣẹ́ sílé, a dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá iná 120 fóòtì nìkan ló ń gbà, torí iná tiwa lè jó o ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án. Áńténà rẹ̀ náà kì í sábà bá ètò DVB-T2 tí à ń lò ní Nàìjíríà mu, díkódà ló máa gbára lé.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó àjọ náà lẹ́yìn tí a bá ti yan ìwọ̀n tó bá yàrá wa mu, ẹ jẹ́ ká fi ra wáyà HDMI tó dáa àti ohun tí yóò máa dá iná dúró fún un. Kí ẹni tó bá sì ní fíìmù tàbí fídíò ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbé jáde láàárín wa bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí: kó fi àmì sórí Yorùbá tó bá kọ síbẹ̀. Tẹlifíṣàn wa lè gbé e.